Pláànù àti ẹ́ńjìnnì bàálù onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lórí fóònù mi, àwọn ọmọ Unilorin ń bi mí, àwọn ọmọ Poly ń bi mí, títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan. Bàálù kékeré tá à ń fọwọ́ kọ́, tá à ń fi rímóòtù fò, ni mò ń sọ o. Bàálù onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì la máa ń pe bàípléènì láàárín ara wa, torí pé ìyẹ́ ẹ̀ gun orí ara wọn bí ilé alájà.

Kí ló ń jẹ́ pláànù gan-an? Ṣé fọ́tò bàálù ò tó ni?

Kò tó o. Ṣé ẹ lè gbé fọ́tò ilé fún bíríkìlà kẹ́ ẹ ní kó lọ kọ́ ọ? Pláànù bàálù ló máa ya ara ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, ló máa ya ríìbù, ìyẹn egungun-ìhà ìyẹ́, ló máa sọ bí igi kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó, ibi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó sí, àti ojú ibi tí bàálù ti gbọ́dọ̀ dúró dọ́gba tẹ́ ẹ bá fi ìka gbé e.

Ẹ ṣọ́ra fún àwòrán tó kàn fi iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti òkè hàn lásán. Ó máa ń rẹwà, gbogbo ọ̀dà ara ẹ̀ máa pé, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí igi kan gbà. Ìyẹn wà fún ẹni tó fẹ́ kun bàálù, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ.

Níbo la ti lè rí pláànù láìsanwó?

Outerzone ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, tí n kò bá rí i níbẹ̀ mo máa lọ wo AeroFred. Pláànù àtijọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn akọ́bàálù ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, wọ́n ti sọ ọ́ di PDF. Ẹ kàn tẹ "biplane" síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan.

Kẹ́ ẹ tó jó dáta yín, ẹ wo lẹ́tà tó wà lábẹ́ ẹ̀. R/C ni èyí tó ń gba rímóòtù. F/F ni èyí tí wọ́n ń jù sílẹ̀ tó ń fò lọ fúnra ẹ̀, C/L sì ni èyí tí wọ́n ń fi okùn wáyà dì mú tó ń yí èèyàn po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ọmọ kan láti Ọ̀fà ti kọ́ C/L tán pátápátá kó tó bi mí pé ẹ̀gbọ́n, níbo ni servo (mọ́tọ̀ kékeré tí rímóòtù fi ń darí bàálù) ń wọlé sí.

Ẹ lò ó fún ara yín. Ẹ má lọ máa tẹ̀ ẹ́ tà.

Mi ò kọ́ bàálù kankan rí, ṣé mo lè fi onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀?

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀, owó yín ló máa sunkún. Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń jẹ igi ìlọ́po méjì, ó ń jẹ àkókò ìlọ́po méjì, tó bá sì já lulẹ̀ òpó àárín ìyẹ́ méjèèjì ló máa kọ́kọ́ ṣẹ́, ìyẹ́ òkè á wá ká lulẹ̀ bí àwọ̀n bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi fóòmù bọ́ọ̀dù kọ́ oníyẹ̀ẹ́ kan ná, èyí tí ìyẹ́ ẹ̀ wà lókè, ẹ fi kọ́ fífò, ẹ fi já lulẹ̀ títí tí ọwọ́ yín á fi balẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ padà wá.

Pláànù wo ló dáa fún onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́?

Èyí tí kì í ṣe àwòkọ bàálù gidi kankan, tí ẹni tó yà á kàn fẹ́ kó fò dáadáa. Ẹ wo imú ẹ̀, kó gùn díẹ̀. Ẹ wo ìyẹ́ méjèèjì, kí wọ́n rí bákan náà, torí pé àwòṣe ríìbù kan ṣoṣo lẹ máa gé nígbà náà, ẹ̀ẹ́ kàn máa gé e ní àgékún. Kí ìyẹ́ ṣeé tú pẹ̀lú skúrù mélòó kan, torí bí kò bá ṣeé tú, ẹ sọ fún mi bó ṣe máa wọ inú Kẹ̀kẹ́ Maruwa. Kí wáyà tó so ìyẹ́ pọ̀ jẹ́ ti ọ̀ṣọ́, kó má jẹ́ pé òun ló gbé bàálù ró.

Tó bá jẹ́ pé bàálù gidi lọkàn yín fẹ́, ẹ mú Tiger Moth. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é, 1931 ló kọ́kọ́ fò, òun ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, imú ẹ̀ gùn tóóró, ìyẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n sì fi èlerọ́ọ̀nù (etí ìyẹ́ tó ń mì tó ń mú bàálù fì sí ẹ̀gbẹ́) sí, iṣẹ́ yín ti dín kù nìyẹn. Ìyẹ́ ti gidi jẹ́ mítà 8.94 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, tẹ́ ẹ bá dá a sí ọ̀nà 8 ó jẹ́ bíi 112 cm, tẹ́ ẹ bá dá a sí ọ̀nà 6 ó jẹ́ 149 cm. Stearman ti àwọn ará Amẹ́ríkà náà dáa, àmọ́ ikùn ẹ̀ fẹ̀, ó ń jẹ agbára. Pitts ń yára bí ejò, ẹ fi sílẹ̀ ná. Sopwith Camel lẹwà, gbogbo yín lẹ fẹ́ràn ẹ̀, màá dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ imú kúrú.

Báwo ni mo ṣe máa tẹ pláànù ńlá jáde ní Ìlọrin?

Àwọn tó ń tẹ pláànù ilé fún àwọn akítẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ bá wọn. Ẹ̀rọ wọn máa ń tẹ A1 àti A0, funfun-dúdú ni kẹ́ ẹ sọ pé ẹ fẹ́, torí tí wọ́n bá fi kọ́lọ̀ tẹ̀ ẹ́ owó ẹ̀ ò ní rẹ́rìn-ín. Bí owó bá há, ẹ ṣí PDF náà nínú Adobe Reader, ẹ lọ síbi ìtẹ̀wé, ẹ yan Poster, ó máa gé e sí A4, ẹ wá fi sẹ́lótéèpù so wọ́n pọ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni ń to ẹní.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sọ fún ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ pé "Actual size" tàbí 100% lẹ fẹ́, kó má ṣe "Fit". Mo ti jìyà ẹ̀. Wọ́n bá mi tẹ ara bàálù ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n bá mi tẹ ìyẹ́ ní ibòmíì lọ́jọ́ kejì, mi ò wọn nǹkan kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gé igi. Ọjọ́ tí mo fẹ́ fi ìyẹ́ ìsàlẹ̀ sí ojú ibi tó ń jókòó sí, kò wọlé. Mo rò pé gúlúù ló wú, mo fi sáńpépà há a, kò wọlé. Ìgbà tí mo wá gbé rúlà lé ìlà tí wọ́n kọ 20 cm sí lórí pláànù, 19.2 ló kà. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ti "fit" ẹ̀ fún mi, gbogbo ara bàálù ti fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kéré, ìyẹ́ tó fẹ̀ tó 20 cm ló ń wá àyè nínú ihò tó fi mílímítà 8 kù díẹ̀ káàtó. Mo fi ara bàálù yẹn dáná àárọ̀.

Nítorí náà, rúlà lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Kẹ́ ẹ wọn gígùn, kẹ́ ẹ wọn fífẹ̀, torí pé àwọn pláànù kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ń yà á sórí kọ̀ǹpútà ló ti nà sápá kan.

Íǹsì, áúǹsì, pọ́ùn ló kún inú pláànù, báwo ni mo ṣe máa yí i?

Íǹsì 1 jẹ́ 25.4 mm. Igi tí wọ́n bá kọ 1/16 sí jẹ́ 1.6 mm, 3/32 jẹ́ 2.4, 1/8 jẹ́ 3.2, 1/4 jẹ́ 6.4. Pọ́ùn 1 jẹ́ gíráàmù 454, áúǹsì 1 jẹ́ bíi 28. Ó tán.

Pláànù tí mo rí kéré, ṣé mo lè ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ tóbi sí i?

Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ìwọ̀n ò ní bá yín dá sí ibi tẹ́ ẹ rò. Ẹ jẹ́ ká ní 110 cm ni, ẹ fẹ́ kó di 150. Gígùn fi bíi ìlọ́po 1.36 pọ̀. Ojú ìyẹ́ á fi bíi ìlọ́po 1.86 pọ̀, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ igi gbogbo di nínípọn bákan náà, ìwọ̀n á di ìlọ́po 2.5. Bàálù tó jẹ́ kílò 1.6 á fẹ́ di kílò 4, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ sórí pláànù ti di ìtàn nìyẹn.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé mo máa jẹ́ kí àwọn igi ara ẹ̀ wà bí wọ́n ṣe wà níbi tí kò ti ru ẹrù, mo máa fi kún ọ̀pá ìyẹ́ àti ibi ẹ́ńjìnnì nìkan. Tó bá ju ìlọ́po 1.25 lọ, ẹ wá pláànù míì.

Bálísà ò sí ní Ìlọrin, igi wo ni kí n lò?

Arère. Tẹ́ ẹ bá dé sọ́mìlì, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tí kò ní kókó. Òun náà ni àwọn òyìnbó ń pè ní obeche, àwọn akọ́bàálù Gẹ̀ẹ́sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi pẹlẹbẹ ẹ̀ bo ìyẹ́ fóòmù, nítorí náà kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìṣòro ẹ̀ ni ìwọ̀n: kúbíìkì mítà kan arère tó bíi kílò 380, bálísà sì máa ń wà láàárín 100 sí 200.

Èyí ló fà á tí n kì í fi fi arère rọ́pò bálísà ní gbogbo ibi. Ọ̀pá ìyẹ́, òpó, etí ìyẹ́, ẹ fi arère ṣe wọ́n kẹ́ ẹ jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti pláànù. Ríìbù àti ẹ̀gbẹ́ ara, fóòmù bọ́ọ̀dù. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ń dì mọ́ nìkan lẹ ti máa wá igi líle, àgékù ìrókò láti ọ̀dọ̀ káfíńtà ti tó. Ẹnì kan ní Ìpàta sọ fún mi pé ṣé mi ò lè fi aṣọ òkè bo ìyẹ́, kó lè jẹ́ bàálù Ìlọrin tòótọ́. Ó máa rẹwà o, kò kàn ní kúrò nílẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì oní-epo àbí mọ́tọ̀ oníná, èwo ni kí n rà?

Tẹ́ ẹ bá ń gbé Kwara níhìn-ín, tí kò sí ẹni tó ń kó epo glow (epo tí ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré ń mu) wọlé fún yín, mọ́tọ̀ oníná. Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn, gbogbo yín lẹ fẹ́ ariwo àti èéfín. Mọ́tọ̀ oníná ń ṣíṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kì í da epo sí fóòmù, àwọn ará Tánkẹ́ ò sì ní jáde wá bá yín lọ́jọ́ Sunday. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé ohun tẹ́ ẹ lè rí bọ́ lẹ máa sìn: ẹ wo epo tàbí bátìrì tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó yín ná, kẹ́ ẹ tó wo ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ tó wá wo pláànù. Ọ̀pọ̀ yín ń gba òdìkejì wọlé.

Fún bàálù tó ju kílò 6 lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Bátìrì tó máa gbé ìyẹn owó ẹ̀ ga, ẹ́ńjìnnì tó ń mu pẹtiróò ló bọ́gbọ́n mu.

Kí ni .25, .40, .60 tí wọ́n ń kọ síbẹ̀?

Bí inú sílíńdà ṣe tóbi tó ni, wọ́n fi kúbíìkì íǹsì ṣírò ẹ̀. Ẹ fi 16.4 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di cc: .25 jẹ́ bíi 4cc, .40 jẹ́ 6.5cc, .46 jẹ́ 7.5cc, .60 jẹ́ bíi 10cc. Ọ̀kadà táa ń gùn jẹ́ 100cc sókè, ẹ fi wé e.

Ẹ́ńjìnnì mélòó ló máa gbé bàálù mi?

Ẹ má sọ gígùn ìyẹ́ fún mi, ẹ sọ ìwọ̀n. Oníyẹ̀ẹ́ kan tó jẹ́ 120 cm lè jẹ́ kílò 1.3, onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ 120 cm lè kọjá kílò 2, ẹ tún wá fi òpó àti wáyà tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà kún un. Ẹni tó bá fi gígùn ìyẹ́ ra ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ á kéré.

Bí mo ṣe ń ronú ẹ̀: tó bá tó kílò 1.5, .25. Kílò 2 sí 2.7, .40 tàbí .46. Kílò 3 sí 4, .60, tàbí four-stroke .90. Tí pláànù bá ní "láti .35 sí .45", ẹ mú èyí tó tóbi. Pláànù òyìnbó ni, òtútù ni wọ́n ti fò ó. Afẹ́fẹ́ Ìlọrin ní ọ̀sán oṣù kẹta, tí oòrùn bá mú dé 38, máa ń fi bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ etíkun nígbà tí ojú ọjọ́ tutù, ẹ́ńjìnnì ò rí afẹ́fẹ́ tó mí, ìyẹ́ náà ò rí afẹ́fẹ́ tó gùn lé.

Tó bá jẹ́ mọ́tọ̀ oníná, ẹ ka 220 sí 250 watt fún kílò kan. Bàálù kílò 1.6, bíi 350 sí 400 watt nìyẹn.

Two-stroke àbí four-stroke?

Fún onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, four-stroke, tí owó bá wà. Ìdí ẹ̀ nìyí: onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò yára, ohun tó fẹ́ ni fáànù ńlá tó ń yí jẹ́jẹ́ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sẹ́yìn. Two-stroke ń yí fáànù kékeré kíákíá, imú bàálù yín tó rí roboto sì ti dí ìdajì fáànù kékeré yẹn, ariwo lẹ ń gbọ́, bàálù ò lọ. Ariwo four-stroke náà tún jọ ti bàálù gidi, ó ń dún pú-pú-pú bí ẹ̀rọ ìlọta tó wà níbi tó jìnnà.

Ó wúwo ju two-stroke, ó wọ́n jù ú, ẹ sì gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà tó ga: ibi tí pláànù bá ti ní .40 two-stroke, bíi .60 four-stroke ló máa ṣe iṣẹ́ yẹn.

Níbo ni mo ti máa rí epo glow? Ṣé mo lè pò ó fúnra mi?

Epo glow kì í ṣe pẹtiróò o. Mẹ́táánọ̀ọ̀lù ni, wọ́n wá fi epo tó ń yọ̀ àti nítírò díẹ̀ (kẹ́míkà tó ń fi kún agbára) sí i. Nítírò ò pọn dandan. Èyí tí wọ́n fi ń díje lágbàáyé ní àwọn ẹ̀ka kan jẹ́ mẹ́táánọ̀ọ̀lù 80 àti epo lárà 20, kò sí nítírò kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, epo lárà, èyí tí wọ́n ń fún ọmọ mu kí inú ẹ̀ lè ṣí. Àwọn bàálù Ogun Àgbáyé Kìíní tí ẹ́ńjìnnì wọn ń yí pẹ̀lú fáànù, òun ni wọ́n ń lò, awakọ̀ á máa fa èéfín ẹ̀ símú, inú á sì máa yọ ọ́ lẹ́nu.

Ṣé ẹ lè lo òróró ẹ̀pà? Ẹ má dán an wò. Òróró ẹ̀pà kì í po pọ̀ mọ́ mẹ́táánọ̀ọ̀lù, á kàn lọ dúró sápá kan nínú ìgò, ẹ́ńjìnnì á sì mu mẹ́táánọ̀ọ̀lù gbígbẹ títí tó fi máa há. Epo lárà gidi ni, èyí tí wọn ò bù nǹkan mọ́.

Mẹ́táánọ̀ọ̀lù ń pa èèyàn. Ní 2015, ògógóró tí mẹ́táánọ̀ọ̀lù wà nínú ẹ̀ pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, àwọn kan fọ́jú. Ẹ má dà á sí ìgò omi ẹlẹ́rìndòdò, ẹ kọ "MÁJÈLÉ" sára ẹ̀, ẹ tì í mọ́ ibi tí ọmọdé ò lè dé. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, ìta gbangba.

Ẹ́ńjìnnì "I better pass my neighbour" ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gékoríko ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ kan ò lè kọjá kí ẹnì kan má béèrè eléyìí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn jẹ́ 63cc, nítorí náà ẹ rò pé ó lágbára ju .46 ní ìlọ́po mẹ́jọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà 3,000 ni wọ́n ṣe é kó máa yí ní ìṣẹ́jú kan kí iná lè dúró ní 50 Hz, ohun tó ń gbé jáde ò ju bíi 650 watt lọ. .46 tó kéré tó ẹ̀kúnwọ́ ń yí ju 12,000 lọ, ó sì ń kọjá agbára ẹṣin kan, tó jẹ́ 746 watt. Ẹ wá gbé irin méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ máa tan iná.

Ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gékoríko, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wa ń lo 43cc àti 52cc, two-stroke ni, ó ń mu pẹtiróò tí wọ́n fi ọ́ìlì pò, wọ́n sì ṣe é kó fúyẹ́ torí ejìká ló ń gbé e. Ẹ yọ okùn tí wọ́n fi ń fà á àti páànù ara ẹ̀ kúrò, kí ẹni tó ń yí irin ṣe ibi tí fáànù máa dì mọ́ fún yín, kó gún régé, torí bí kò bá gún, gbígbọ̀n ẹ̀ á tú gbogbo gúlúù bàálù. Bàálù tó máa gbé e gbọ́dọ̀ tó kílò 8 sí 10. Nítorí náà kì í ṣe ti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi ìka yí fáànù ẹ̀ láéláé. Ti kékeré gan-an, .25 lásán, ó ti fi àpá sí ìka ìfábẹ̀lá mi, mo sì ń wò ó bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Igi tẹ́ ẹ fi ike wé ni kẹ́ ẹ fi yí i.

Mo ní bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́, ṣé mo lè tú u fi gbé bàálù?

Rárá. Bátìrì roboto inú láptọ́ọ̀pù ò lè tú ju bíi amp 5 sílẹ̀ láìgbóná. Mọ́tọ̀ tó fẹ́ 35 amp, ẹ máa fi méje gbe ara wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó di 21, ìkọ̀ọ̀kan tó bíi gíráàmù 45, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ pé kílò kan. LiPo 3S (bátìrì fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi mẹ́ta so tẹ̀léra) tí ó jẹ́ 3000 mAh tó lè gbé iṣẹ́ kan náà ò ju bíi gíráàmù 250 lọ.

Ẹ sì máa ṣọ́ LiPo tó ń gba iná. Inú ìkòkò amọ̀ lórí síméńtì ni mò ń gbé tèmi sí, mi ò kì í sùn tì í, mi ò kì í fi sílẹ̀ lọ mọ́sálásí.

Pláànù ní .40 glow, oníná ni mo fẹ́ lò, kí ni mo máa yí padà?

Ẹ gbàgbé nọ́ńbà .40 yẹn, ẹ padà sórí ìwọ̀n. Tó bá jẹ́ kílò 2.3, ẹ ń wá 500 watt sókè, bátìrì 4S. Fún bàálù kékeré bíi kílò 1.6, mọ́tọ̀ tó jẹ́ bíi 900 Kv (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan fún fóòlù kọ̀ọ̀kan) pẹ̀lú 3S àti fáànù 11x5.5 (íǹsì 11 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, 5.5 ni ibi tó ń rìn dé tó bá yí lẹ́ẹ̀kan) á ṣe é, ẹ mú ESC (ohun tó ń pín iná fún mọ́tọ̀) 50 amp kó má bàa jóná. Kv tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fáànù kékeré ló ń wá, a sì ti sọ ọ̀rọ̀ fáànù kékeré.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni ilẹ̀kùn bátìrì. Bàálù glow ò nílò ẹ̀. Ti onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìyẹ́ ìsàlẹ̀ ti dí abẹ́, ìyẹ́ òkè ti dí òkè, tẹ́ ẹ bá lẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ra tán lẹ máa rántí pé bátìrì ò ríbi wọlé. Ẹ gé ilẹ̀kùn náà síbi ìbòrí imú, kẹ́ ẹ tó kun ún.

Ṣé ìjọba ò ní mú mi? Níbo ni mo ti lè fò ó?

Ohun tó ń fò láìsí awakọ̀ nínú ẹ̀, NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ló ni òfin ẹ̀, wọ́n sì ń béèrè kí èèyàn gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò fún ààrẹ. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó kó owó sí bàálù ńlá. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìlọrin kì í ṣe ibi eré, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú tó wà níbẹ̀ ń fi bàálù kékeré fò, ẹ jìnnà síbẹ̀ pátápátá. Oko tí wọ́n ti kórè, tí baálẹ̀ àti olóko mọ̀ sí i, ló dáa jù. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń wọ kábúrétọ̀, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin bò ó tẹ́ ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀.

Camel mi wúwo nídìí, kí ni kí n ṣe?

Mo ní màá dé bẹ̀. Camel gidi, ẹ́ńjìnnì, awakọ̀, ìbọn àti epo ni wọ́n kó jọ sí iwájú, nítorí náà imú ẹ̀ kúrú, kò sì ṣe é ní nǹkan kan torí ẹ́ńjìnnì ńlá tó wúwo ló wà níbẹ̀. Ti yín, ẹ́ńjìnnì fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ fi síbẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀: tí ìdí bá jìnnà sí ojú ìdọ́gba ní 70 cm, tí imú jìnnà sí i ní 20 cm péré, gíráàmù 10 tẹ́ ẹ bá fi kún ìdí máa gba gíráàmù 35 nímú.

Nítorí náà ìdí lẹ ti máa ṣọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀, fóòmù tó tẹ́ẹ́rẹ́, gúlúù díẹ̀, ọ̀dà díẹ̀, kí servo wà níwájú. Ibí yìí gan-an ni four-stroke tó wúwo ti di ọ̀rẹ́ yín, kàkà kẹ́ ẹ gbé òjé lásán. Tó bá ṣì kù, àwọn òjé kéékèèké tí àwọn tó ń ṣe balancing ń lẹ̀ mọ́ ríìmù mọ́tò, fọ́kánáísà máa ń ní àlòkù ẹ̀. Ẹ má yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò, májèlé ni.

Pláànù ò fi ojú ìdọ́gba hàn. Níbo ni kí n fi sí?

Ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́rin fífẹ̀ ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan láti etí iwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú àárín méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká ní ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 20 cm, ti òkè sì yọ síwájú ti ìsàlẹ̀ ní 6 cm. Ti òkè wà ní 5 cm sẹ́yìn etí iwájú ẹ̀. Ti ìsàlẹ̀, 6 àti 5, ó di 11. Àárín 5 àti 11 jẹ́ 8. Ìyẹ́ ìsàlẹ̀ kì í gbé ẹrù tó ti òkè, nítorí náà 7.5 ni màá mú. Kí imú wúwo díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: onímú wúwo á fò burúkú, onídìí wúwo á fò lẹ́ẹ̀kan.

Tí mo bá fún un ní gáàsì, imú ẹ̀ ń lọ sókè, tí mo bá dín in kù ó ń wọlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń yọ mí lẹ́nu ni?

Ẹ́ńjìnnì ò ní ẹ̀bi, ojú tó kọ ló burú. Nínú onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìyẹ́ òkè àti gbogbo òpó ẹ̀ wà lókè ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ń fà wọ́n sẹ́yìn lókè nígbà tí fáànù ń fa ìsàlẹ̀ síwájú, imú á gbé sókè. Ẹ fi wáṣà kan kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn skúrù òkè méjèèjì tó di ẹ́ńjìnnì mọ́ pákó, kí ẹ́ńjìnnì wo ilẹ̀ ní bíi dìgírì 2 sí 3. Tó bá ń ya sí òsì nígbà tó ń gbéra, wáṣà sẹ́yìn skúrù òsì, tẹ́ ẹ bá jókòó bí awakọ̀.

Kẹ́ ẹ tó fi wáṣà sí i, ẹ fi rúlà wọn ìyẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ wò, bóyá ọ̀kan gbójú sókè ju bí pláànù ṣe yà á. Lẹ́ẹ̀kan, mo fi wáṣà mẹ́rin sí bàálù kan, kò yí padà, àṣé òpó ẹ̀yìn kan ni mo gé kúrú ní mílímítà 4. Mo gé òpó tuntun, mo yọ wáṣà mẹ́ta, ọ̀kan tó kù ṣì wà níbẹ̀ di òní.